Mo pa fódà 1.1TB rẹ́, àyè 4GB ló ṣí: ìdáhùn fún òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan ní Sápọ́n

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Sápọ́n, níbí ní Abẹ́òkúta, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn kí n tó dé ti lọ sí Kánádà, kò sì fi ìwé kankan sílẹ̀. Server kan wà ní igun yàrá, Linux ló wà lórí ẹ̀, dísìkì 4TB ni backup ń wọ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí backup ò lọ mọ́, 'No space left on device' ló ń kọ. Mo bá daily.0 dé daily.6 níbẹ̀, weekly.0 dé weekly.3, monthly.0 dé monthly.5. Mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, 1.1TB ni ìkọ̀ọ̀kan, mi ò sì mọ bí gbogbo wọn ṣe gba inú dísìkì 4TB. Ọ̀gá ní kí n máa pa àwọn tó pẹ́ jù rẹ́. Mo pa monthly.5, 4GB péré ló ṣí. Ṣé kí n máa pa ìyókù lọ?"

Àbúrò mi, má pa ohunkóhun mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ló pàṣẹ, ṣùgbọ́n dúró ná. Àwọn fódà àtijọ́ tí wọ́n ní kí o pa yẹn lè jẹ́ àwọn nìkan tó ṣì pé nínú gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì yẹn.

Orúkọ àwọn fódà tí o kọ ti jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: rsnapshot ni, ètò kan tó ń kó backup lórí Linux. Lálaalẹ́, á ti àwọn fódà sẹ́yìn: daily.6 á kúrò, daily.5 á di daily.6, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí daily.0 á fi di daily.1. Ẹ̀yìn ìyẹn ni á tó kó ẹ̀dà tuntun sínú daily.0. Ṣàkíyèsí bó ṣe tò ó: títì ló ń ṣáájú, kíkó ló ń tẹ̀lé e. Tí dísìkì bá kún, títì ò sábà kùnà, nítorí orúkọ ló ń pààrọ̀ jù. Kíkó ló sábà máa ń kùnà. Ìyẹn ni pé ní gbogbo alẹ́ tí backup ò lọ yìí, ó lè jẹ́ pé ó ń lé ẹ̀dà gidi kan jáde lẹ́yìn, ó sì ń fi àbọ̀ ẹ̀dà kan sí iwájú. Alẹ́ mẹ́sàn-án ti kọjá, daily méje péré lo sì ní. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo daily rẹ ti di àbọ̀, kó jẹ́ pé weekly àti monthly ló kù tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Àfi tí ará Kánádà yẹn bá ti kọ sync_first 1 sínú ètò rẹ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kí rsnapshot kọ́kọ́ kó tuntun wọlé kó tó ti àwọn yòókù. Àwọn tí mo ti rí tó kọ ọ́ ò pọ̀.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, dá a dúró. Wá ibi tí wọ́n ti ń pè é:

sudo cat /etc/cron.d/rsnapshot
sudo crontab -l
systemctl list-timers

Ibi tí o bá ti rí ìlà tó dárúkọ rsnapshot, fi àmì # síwájú ìlà náà. Má pa ìlà náà rẹ́ o, a ṣì máa nílò àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ inú list-timers ló ti yọjú, systemctl stop ni wàá fi dá timer náà dúró. Lẹ́yìn náà, wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀:

sudo grep -n ERROR /var/log/rsnapshot.log

Níbẹ̀ ni wàá ti rí alẹ́ tó kọ́kọ́ kùnà. Fi ọjọ́ yẹn wé ọjọ́ tó wà lára fódà kọ̀ọ̀kan, wàá mọ èyí tó pé àti èyí tó jẹ́ àbọ̀. Tí fáìlì yẹn ò bá sí níbẹ̀, ìlà logfile nínú /etc/rsnapshot.conf á sọ ibi tó wà. Inú fáìlì ètò yẹn kan náà ni snapshot_root wà, tó ń sọ ibi tí àwọn fódà wọ̀nyí gbé ń gbé. Èmi á máa kọ /backup nísàlẹ̀ yìí. Fi tìrẹ rọ́pò rẹ̀.

Kí o tó tún ṣe ohunkóhun mìíràn, lọ sínú weekly.0, mú iṣẹ́ oníbàárà kan tó tóbi dáadáa, mú fáìlì ìṣirò owó kan kún un, kó méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí o sì ṣí wọn. Kì í ṣe kí o wo orúkọ wọn lásán. Ṣí i nínú CorelDRAW, kí o rí àwòrán náà lójú ara rẹ. Ní 31 January 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, tó ń tún database ṣe lálẹ́ pàṣẹ ìparẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Kó tó dá a dúró, nǹkan bíi 300GB ti di 4.5GB. Ọ̀nà backup tí wọ́n ní ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, èyí ò ṣiṣẹ́, tọ̀hún ṣófo. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ti fọwọ́ ṣe fún ìdí mìíràn ní wákàtí 6 ṣáájú ló kó wọn yọ. Àwọn fúnra wọn ló ròyìn ẹ̀ fún gbogbo ayé, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ìyẹn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ 1.1TB tó di 4GB.

Rántí ọjọ́ ìkómọ. Bàbá sọ ọmọ lórúkọ, ìyá sọ tirẹ̀, ìyá àgbà ju owó sínú àwo ó sọ tirẹ̀, àbúrò bàbá tí kò tètè dé náà ní òun ní orúkọ tí òun fẹ́ sọ ọ́. Orúkọ lè pé mẹ́tàdínlógún, ọmọ kan náà ló wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka orúkọ láti fi mọ iye ọmọ á rò pé ilé ti kún. Tí ìyá àgbà bá sì gbàgbé orúkọ tí òun sọ, ọmọ ò ní tìtorí ẹ̀ pòórá.

Ohun tí rsnapshot ń ṣe gan-an nìyẹn. Fáìlì tí kò bá yí padà láti àná, kì í tún un dà kọ. Ó kàn ń fún un ní orúkọ mìíràn nínú fódà tuntun. Hard link ni wọ́n ń pè é. Fáìlì kan lè ní orúkọ nínú fódà mẹ́tàdínlógún rẹ, kó sì jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló jókòó sí lórí dísìkì. Nígbà tí o pa monthly.5, orúkọ lo pa. Àwọn fáìlì tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ní orúkọ ló lọ, gbogbo wọn sì jẹ́ 4GB. Àwọn yòókù ṣì ń jẹ́ orúkọ mìíràn níbòmíràn. O ò ṣe àṣìṣe ńlá. Iṣẹ́ òfo lo kàn ṣe.

Wíwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan ló tàn ọ́ jẹ. Wọ̀n wọ́n pa pọ̀ nínú àṣẹ kan ṣoṣo:

sudo du -xsch /backup/daily.* /backup/weekly.* /backup/monthly.*

Nínú àṣẹ kan, du kì í ka fáìlì kan lẹ́ẹ̀mejì. Fódà àkọ́kọ́ á gbé gbogbo ẹrù rẹ̀, fódà tó tẹ̀ lé e á gbé kìkì ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ò ní. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, nítorí náà ṣí tmux (ètò tó ń jẹ́ kí àṣẹ máa ṣiṣẹ́ lọ lórí server bí ìwọ bá tiẹ̀ já) kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí iná tó bá lọ lórí laptop rẹ má baà gé e lágbedeméjì. Nígbà tó bá parí, má wo ìlà àkọ́kọ́. Máa wo àwọn ìlà kéékèèké lọ, 3GB, 6GB, 2GB, títí wàá fi kan èyí tó ga sókè lójijì láàárín wọn. Tí monthly.1 bá jẹ́ 5GB, tí monthly.2 sì jẹ́ 900GB, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù méjèèjì yẹn, ibẹ̀ sì ni àyè rẹ wà. (Nítorí pé daily rẹ lè jẹ́ àbọ̀, ìlà ńlá kan lè yọ níbi weekly.0 pẹ̀lú. Ìyẹn kọ́ là ń wá.)

Mo lè fẹnu sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìtíì dé Sápọ́n. Ẹnìkan tún ilé ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tàbí nígbà tí iṣẹ́ dín, ẹnìkan nínú yín mú fódà ńlá tí gbogbo iṣẹ́ ọdún tó kọjá wà nínú rẹ̀, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà, bóyá láti "JOBS" sí "JOBS ATIJO". Lójú tirẹ̀, kò kó nǹkan kan kúrò níbìkan. Lójú rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ lábẹ́ rsnapshot, gbogbo fáìlì inú "JOBS" ti kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì tuntun sì ti yọjú nínú "JOBS ATIJO". Orúkọ àti ibi tí fáìlì wà ló ń wò láti mọ̀ ọ́n. Á dà gbogbo rẹ̀ kọ látòkèdélẹ̀, nígbà tí ti àtijọ́ ṣì jókòó nínú monthly. Ìyípadà orúkọ kan ṣoṣo, 900GB. Bẹ́ẹ̀ náà ló lè rí tí ẹnìkan bá fi chown yí olówó gbogbo fáìlì padà, tàbí tí ẹ ra kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹ sì kó iṣẹ́ sí i lọ́nà tí kò jẹ́ kí ọjọ́ ara fáìlì dúró bó ṣe wà.

Ohun kejì tó máa ń jẹ àyè ni fáìlì ńlá kan tó ń yí padà lójoojúmọ́: ètò ìṣirò owó tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fáìlì kan, tàbí dísìkì ẹ̀rọ àfarawé tí ẹnìkan ń fi lo Windows àtijọ́. Tí lẹ́tà kan bá yí padà nínú 14GB, 14GB tuntun ni. Nínú fódà mẹ́tàdínlógún, 238GB nìyẹn fún fáìlì ẹyọ kan. Èyí tìẹ ò tó ohun tó lè kún 4TB, àmọ́ ó ń dá kún un. Àṣẹ yìí á fi irú wọn hàn ọ́:

sudo find /backup/monthly.4 -xdev -type f -links 1 -size +100M -exec ls -lh {} +

"-links 1" yẹn túmọ̀ sí fáìlì tó ní orúkọ kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé tí o bá pa monthly.4, òun ni yóò lọ ní tòótọ́. Mo máa ń lò ó kí n tó pa ohunkóhun, nítorí ó ń sọ fún mi ṣáájú iye tí màá rí gbà àti ohun tí màá pàdánù. Ká ní o ti lò ó lórí monthly.5, àwọn fáìlì ńlá inú 4GB yẹn ni ì bá fi hàn ọ́.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyípadà orúkọ ni, ohun kan wà tó yẹ kí o mọ̀ kí inú má baà bí ọ. 900GB yẹn ní orúkọ nínú gbogbo monthly tó ṣáájú ìyípadà náà. Tí monthly.2, monthly.3 àti monthly.4 bá jọ ní in, pípa monthly.4 ò ní ṣí nǹkan kan, pípa monthly.3 náà ò ní ṣí nǹkan kan. Ọjọ́ tí o bá pa monthly.2 ni gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Torí náà, yálà kí o pa wọ́n dé orí ẹni ìkẹyìn, tàbí kí o fi gbogbo wọn sílẹ̀. Pípa méjì ká fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ ni kí èèyàn pàdánù ìtàn oṣù méjì láìrí kọ́bọ̀.

Èmi o, n kì í pa á láìkọ́kọ́ gbé ẹ̀dà kan jáde. Sọ fún ọ̀gá kó ra dísìkì alágbèéká tó gba ju 1.1TB lọ dáadáa, kí o da monthly tó pẹ́ jù sórí rẹ̀, kí o kọ ọjọ́ sí i lára, kí ó sì gbé e kúrò ní Sápọ́n lọ sílé rẹ̀. Tí o bá fẹ́ dà ju fódà kan lọ, rsync -aH ni kí o lò nínú àṣẹ kan. Lẹ́tà H yẹn ló ń jẹ́ kó rántí pé orúkọ púpọ̀ ń tọ́ka sí fáìlì kan. Láìsí i, fódà mẹ́ta á di 3.3TB lórí dísìkì tuntun.

Àwọn ọ̀nà kúkúrú tí wàá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ yára kọjá wọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò bá ọ̀rọ̀ rẹ mu. Wọ́n á ní kí o ṣe apt clean, kí o fi journalctl gé àkọsílẹ̀ kù. Wo df -h ná: tí /backup bá wà lórí dísìkì tirẹ̀, ohunkóhun tí o bá gbá lórí dísìkì tí Linux wà ò ní kan án rárá. Ṣe ẹni tó bá gbá ilẹ̀ Kútọ̀ ló gbálẹ̀ Láfẹ́nwá? Wọ́n á tún ní kí o lo tune2fs dín àyè 5% tí ext4 (ọ̀nà tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísìkì) máa ń yà sọ́tọ̀ fún root, ọ̀gá àgbà inú Linux, kù. Lórí 4TB, ó tó 200GB lóòótọ́. Àmọ́ root náà ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ rsnapshot, root sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè yẹn. Tó bá jẹ́ root ló ń pariwo pé àyè tán, á jẹ́ pé ó ti jẹ 200GB yẹn náà tán.

Èyí tó yẹ kí o wò ni df -i. Hard link ò ṣeé ṣe fún fódà, fáìlì nìkan ló wà fún, torí náà gbogbo fódà kéékèèké inú iṣẹ́ yín ni rsnapshot ń dá sílẹ̀ lọ́tun lọ́tun fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Tí inode (àyè ìforúkọsílẹ̀ tí fáìlì àti fódà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní lórí dísìkì) bá tán, dísìkì á ní òun kún nígbà tí àyè ṣì wà. Wo sudo lsof +L1 pẹ̀lú, bóyá fáìlì ńlá kan wà tí wọ́n ti pa tí ètò kan ṣì dì mú. Kí o sì fi sudo smartctl -a wo ìlera dísìkì náà. Tí Current_Pending_Sector tàbí Reallocated_Sector_Ct bá ti kúrò ní 0 tó sì ń pọ̀ sí i, fi ọ̀rọ̀ àyè sílẹ̀, dísìkì tuntun ni kí ẹ lọ rà.

Ṣé àwọn ará ọ́fíìsì lè dé orí server yẹn láti orí kọ̀ǹpútà wọn? Wo /etc/samba/smb.conf. Mo ti bá eré Yorùbá lórí server backup rí, apá kìíní dé apá kẹrin, pẹ̀lú fídíò ìgbéyàwó ẹnìkan àti fódà tó ń jẹ́ "má fọwọ́ kàn án". Má pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìbéèrè. Tẹ orúkọ wọn sórí ìwé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po tíì, kí o fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun kan ṣì wà tó jẹ́ ti ìlú wa yìí gan-an: iná. Tó bá jẹ́ pé dísìkì alágbèéká tí a fi okùn USB so ni dísìkì 4TB yẹn, iná á lọ, server á kú, iná á dé, server á jí, dísìkì ò sì ní tètè jí. Linux á rí /backup bíi fódà òfìfo lórí dísìkì tirẹ̀, rsnapshot á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da 1.1TB síbẹ̀ títí server á fi dákú. Nígbà tí dísìkì bá padà dé, á bo gbogbo ohun tó ti dà sílẹ̀ mọ́lẹ̀, èèyàn ò sì ní rí i mọ́. Tí df bá ní dísìkì Linux ti kún, tí o sì wá a tì, gbìyànjú èyí:

sudo mkdir /mnt/wo
sudo mount --bind / /mnt/wo
sudo ls /mnt/wo/backup

Tí o bá rí nǹkan níbẹ̀, òun ló fara pamọ́. Kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀, kọ no_create_root 1 sínú /etc/rsnapshot.conf, kí snapshot_root sì jẹ́ fódà kan nínú dísìkì náà, kì í ṣe ojú ibi tí a gbé e kọ́ gan-an. Tí dísìkì ò bá sí, fódà yẹn náà ò ní sí, rsnapshot á sì kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀.

Kí o tó pa monthly kankan, lọ bá ọ̀gá, kí o mú bírò dání. Má bi í pé "Ṣé kí n pa á?" Ó ti dáhùn ìyẹn. Bi í pé: bí oníbàárà kan bá dé lónìí tó fẹ́ tún ìwé tó tẹ̀ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn tẹ̀, tí ẹnìkan sì ti pa fáìlì rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn láìmọ̀, ṣé a fẹ́ lè rí i? Kí o sì bi akáúńtáǹtì nípa àwọn ìwé owó. Tí ilé ìtẹ̀wé yín bá jẹ́ kọ́ńpìnì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òfin CAMA ti 2020 ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ìṣirò owó fún ọdún 6, monthly mẹ́fà ò sì sún mọ́ ọdún 6 rárá. Ibòmíràn ló yẹ kí ìyẹn wà. Lọ́wọ́ kejì, èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé tí ẹ tẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tó kún fún orúkọ àti àdírẹ́sì, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ò fẹ́ kí ẹ kàn máa tò ó jọ láìnídìí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ bíbéèrè ni pé mo ti jìyà ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé iṣẹ́ kan tí n ò ní dárúkọ gbà mí pé kí n wá àyè fún wọn. Mo rí fódà kan tó ń jẹ́ test2, 60GB, ọdún méjì ni kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo bi ẹni tó jókòó nítòsí, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo pa á, wọ́n sì yìn mí. Oṣù kejì ni akáúńtáǹtì dé pé òun ń wá owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó ṣáájú mi ti kó ti ọdún mẹ́ta síbẹ̀ nígbà tó ń dán ètò kan wò, kò sì kó o padà mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi jókòó ti páálí ìwé, a ń tún un tẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Títí dòní, fódà tó bá ń jẹ́ test, mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó dáa, ká ní ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan sì ti wà ní ilé rẹ̀. Láti inú tmux, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó pẹ́ jù, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí o kọ orúkọ rẹ̀ délẹ̀, láìsí àmì * níbìkankan:

sudo ionice -c3 rm -rf /backup/monthly.4

Ka ìlà náà sókè kí o tó tẹ Enter. Àlàfo kan ṣoṣo lẹ́yìn /backup á pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Tí o bá sì dín retain monthly kù láti 6 sí 3 nínú ètò, mọ̀ pé rsnapshot ò ní bá ọ pa àwọn tó lé. Wọ́n á kàn jókòó síbẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì nínú fáìlì ètò yẹn, Tab ni, kì í ṣe àlàfo lásán. Ohun tó ti jẹ wákàtí méjì mi rí nìyẹn. Lo sudo rsnapshot configtest títí á fi sọ pé Syntax OK. Fáìlì 14GB tó ń yí padà lójoojúmọ́, fi exclude yọ ọ́ kúrò, kí o ṣe backup tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀dà mẹ́ta tó.

Má tíì yọ àmì # kúrò o. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń tún kó sí wàhálà nìyí. rsnapshot á fi daily.0 ṣe àwòkọ́ṣe. Tí daily.0 bá jẹ́ àbọ̀, gbogbo fáìlì tí kò sí nínú rẹ̀ ni yóò dà kọ lọ́tun, o sì tún máa gbé ọ̀pọ̀ nínú 1.1TB wọ dísìkì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Kọ́kọ́ fún àwọn daily àbọ̀ ní orúkọ mìíràn, kí o wá mú ẹ̀dà gidi tó tuntun jù, bóyá weekly.0, kí o sì fún un ní orúkọ daily.0:

sudo mv /backup/daily.0 /backup/aabo.0
sudo cp -al /backup/weekly.0 /backup/daily.0

Ṣe mv yẹn fún daily.1 dé daily.6 náà. cp -al ò da fáìlì kankan kọ, orúkọ ló ń fún wọn, àyè tó ń jẹ ò sì tó nǹkan. Lẹ́yìn náà, yọ #, kí o sì pe rsnapshot daily fúnra rẹ ní ọ̀sán, nígbà tí o ṣì wà níbẹ̀, kí o jókòó tì í. Tó bá parí láìsí ERROR, tí o sì ti ṣí fáìlì tuntun kan láti inú rẹ̀, o lè pa àwọn aabo lọ́jọ́ kejì.

Fi ohun tí du bá kọ ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ìlà rẹ̀. Kí o sì bi ẹni tó ń ṣe design nínú yín ẹni tó yí orúkọ fódà JOBS padà, àti oṣù tó ṣe é.